Líìgì Ń Fẹ̀, Agbo Ń Súnkì: Shooting Stars àti Ìgboro Ìbàdàn láti 1972

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 6 péré ló bẹ̀rẹ̀ líìgì gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1972. WNDC ti Ìbàdàn, tó wá di Shooting Stars lẹ́yìn náà, wà lára wọn, òun àti Mighty Jets ti Jọ́ọ̀sì, Rangers ti Enúgu àti Stationery Stores ti Èkó. Lónìí, ẹgbẹ́ 20 ló ń du ife náà. Ní sáà 2018 sí 2019 wọ́n tilẹ̀ di 24, nítorí pé ìjà àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ti da sáà tó ṣáájú rú, wọn kò sì já ẹnikẹ́ni sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ka iye yìí nìkan yóò sọ pé bọ́ọ̀lù ti gbèrú, pé olólùfẹ́ ti rí púpọ̀ sí i gbà. Òótọ́ ni fún àwọn ìlú kan. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ìgboro Ìbàdàn wo ọ̀rọ̀ náà, láti Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Mápó àti Bẹ́yẹrúnká, níbi tí orúkọ Shooting Stars kò tí ì di ìtàn àtijọ́, ojú ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí líìgì ṣe ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbo àwọn tó lè pe ẹgbẹ́ Ìbàdàn ní tiwọn ń súnkì. Mo fẹ́ fi hàn pé iye ẹgbẹ́ kọ́ ló fà á. Ààlà ìpínlẹ̀ ló fà á, nítorí pé nígbàkígbà tí líìgì bá ń fẹ̀, ìlà tí ìjọba fà sórí ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, kì í wo ibi tí olólùfẹ́ jókòó sí.

Kí líìgì tó dé, ife-ẹ̀yẹ ni olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù mọ̀. Ìdíje tí wọ́n ń pè ní Governor's Cup bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Nígbà tí ilẹ̀ wa gba òmìnira, ó di Challenge Cup. Ìlú ló ń bá ìlú díje níbẹ̀, àfi àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi Reluwé àti iléeṣẹ́ mànàmáná ECN l'Ékòó tí wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ibadan Lions gba ife náà ní 1959, 1961, 1966 àti 1969. WNDC gbà á ní 1971. Ìdùnnú bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó di àmọ́dún, olólùfẹ́ rẹ̀ á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ti kọ́ pápá ìṣeré Liberty sí Ìbàdàn, wọ́n ṣí i ní 1960, Dick Tiger àti Gene Fullmer sì du ipò akànṣẹ́ tó ga jù lágbàáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1963. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Síbẹ̀, pápá tó ń kún lọ́jọ́ ayẹyẹ ńlá nìkan kì í sọ ẹnikẹ́ni di olólùfẹ́ tọkàntọkàn. Ohun tó ń sọ èèyàn di bẹ́ẹ̀ ni kó mọ̀ pé tí ẹgbẹ́ òun bá tilẹ̀ fìdí rẹmi lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi jáde, àti pé ẹni tó na òun yóò padà wá bá òun nílé.

Ta ló ni WNDC? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà rọ̀ mọ́. Western Nigeria Development Corporation jẹ́ àjọ ìdàgbàsókè fún gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Owó kòkó tí ìjọba ń rí nípasẹ̀ àjọ tó ń ta irè oko sí òkè òkun wà lára ohun tí wọ́n fi gbé e dìde, àgbẹ̀ Oǹdó, ti Ìjẹ̀ṣà, ti Èkìtì, ti Ìjẹ̀bú àti ti Ìbàdàn ló sì ń ru kòkó náà wá láti oko. Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, jẹ́ ẹ̀rí owó yẹn tí ojú lè rí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àjọ náà jẹ́ òmíràn. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà bọ́ sábẹ́ Industrial Investment and Credit Corporation, ó di IICC Shooting Stars, lẹ́yìn náà Shooting Stars tàbí 3SC báyìí. Orúkọ ń yí, àmọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí: ohun àjùmọ̀ní ni. Nítorí náà, ọmọ Àkúrẹ́ tó jókòó ti rédíò lọ́jọ́ Sátidé kò nílò kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ kó tó pe ẹgbẹ́ Ìbàdàn ní tiwa. Òógùn baba rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Kò yẹ kó rọrùn bẹ́ẹ̀, tí a bá rántí ohun tó ti wà láàárín Ìbàdàn àti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829 gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá, ní sàkáání ibi tí Ọjà'ba àti òkè Mápó wà títí dòní. Kò pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi tàn dé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń jẹ gàba níbẹ̀, títí tí ọ̀rọ̀ fi di ogun Kírìjì ní 1877. Ọdún 16 ni ogun yẹn gbà. Àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló wá ń pariwo, kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, fún ẹgbẹ́ tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Oluyole Warriors, orúkọ Baṣọ̀run Olúyọ̀lé tó ṣe olórí Ìbàdàn títí ó fi wàjà ní 1847. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n gbà pé àwọn ní ìpín nínú ẹgbẹ́ náà, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ìgboro pàápàá ṣe ohun tó yẹ ká kíyè sí: ẹgbẹ́ tí àjọ ìjọba dá sílẹ̀ ni wọ́n gbà bí ọmọ agbo ilé. Ìlú tó bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó ogun mọ ìyẹn ṣe. Ẹni tó bá lè jà, balógun á fún un nílẹ̀. Ibi tó ti wá kì í ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹ̀dùn ọkàn pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, ṣùgbọ́n orí ìwà yẹn ni wọ́n kọ́ Shooting Stars lé. Ẹ wo àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀: Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Jọ́ọ̀sì ló dàgbà sí; ọmọ Abẹ́òkúta ni Múdà Lawal; láti Kàdúná ni Ràṣídì Yẹ̀kínì ti wá. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè agbo ilé wọn ní Bẹẹrẹ.

Líìgì 1972 ló sọ ìfẹ́ yìí di àṣà. Ẹgbẹ́ mélòó kan ni wọ́n, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ń pàdé ara wọn lọ́dọọdún débi pé olólùfẹ́ mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù alátakò bó ṣe mọ ti ẹgbẹ́ tirẹ̀. Mighty Jets ló kọ́kọ́ gba ife náà. Rangers gbà á ní 1974 àti 1975, ní àkókò tí ogun abẹ́lé kò tí ì kúrò lójú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n bá wá sí Ìbàdàn tàbí tí Ìbàdàn bá lọ sí Enúgu, ohun tó wà níbẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, síbẹ̀ orí pápá ni wọ́n ti ń yanjú rẹ̀. Ọdún 1976 ló wá gbé ẹ̀rí tó lágbára jù kalẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún yẹn, ìjọba Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní ọdún kan náà, IICC gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n tún na Tonnerre ti Yaoundé, tí Roger Milla wà nínú rẹ̀, ní 4–1 nílé, wọ́n pàdánù 0–1 ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì gbé ife-ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn nílẹ̀ Áfíríkà wá sílé. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Ọdún tí ilé ńlá pín ni ọmọ ilé gbayì jù. Ìwé òfin ti pín ilẹ̀, ọkàn kò tí ì pín, nítorí pé Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́ kò tí ì ní ẹgbẹ́ tí wọ́n lè fi rọ́pò.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e fi hàn bí líìgì kékeré ṣe lè gbé olólùfẹ́ dé ibi gíga. Ní 1977, IICC àti Rangers pàdé nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà kan náà, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n gbá 0–0 lẹ́ẹ̀mejì. Ara gbóná débi pé Kàdúná ni wọ́n gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì lọ, pẹ́nárítì ni Rangers fi rọ́nà kọjá, àwọn náà ló sì gba ife lọ́dún yẹn. IICC padà gba Challenge Cup ní 1977 àti 1979, wọ́n sì gba líìgì ní 1980 àti 1983. Nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjéríà ní 3–0 l'Ékòó ní oṣù kẹta 1980, tó sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan, Best Ogedegbe ló ṣọ́ ilé, Felix Owolabi náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn náà ní Ọjà'ba kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè fún un. Àwọn tó ń sọ pé Ìbàdàn kàn fẹ́ràn ife-ẹ̀yẹ lásán kò wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìlú náà rí ohun tí líìgì orílẹ̀-èdè lè fún olólùfẹ́ tí àwọn alátakò rẹ̀ kò bá pọ̀ jù láti mọ̀, tí àwọn alábàárò rẹ̀ kò sì kéré jù láti kún ilẹ̀ kan.

Ìgbà tí ìpínlẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹgbẹ́ tiwọn ni agbo bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ìpínlẹ̀ 12 ni Nàìjíríà ní ní 1967. Ó di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Ìpínlẹ̀ tuntun kì í pẹ́ kó tó ní ilé ìjọba, iléeṣẹ́ rédíò àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ sì ń jẹun láti inú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín lóṣooṣù. Líìgì náà ń ṣílẹ̀kùn fún wọn: nígbà tó di ti àwọn amọṣẹ́dunjú ní 1990, ẹgbẹ́ 16 ló wà nínú rẹ̀, kó tó di 20. Báyìí ni Abẹ́òkúta ṣe ní Gateway, tí Àkúrẹ́ ní Sunshine Stars, tí Òṣogbo ní Prime lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991. Nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pàápàá, Crown ti Ògbómọ̀ṣọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele òkè ní 2014. Ẹni tó ń gbé Òṣogbo ní 1975 wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ìbàdàn. Lẹ́yìn 1991, gómìnà rẹ̀ ń bu owó fún ẹgbẹ́ tó wá na Ìbàdàn. Ọkùnrin náà kò kó kúrò nílé rẹ̀. Ààlà ló rìn kọjá lórí rẹ̀. Ìbàdàn nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Rangers jẹ́ ti gbogbo Ìpínlẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn kó tó di pé Owerri àti Aba ní ẹgbẹ́ ńlá tiwọn. Bendel Insurance ti Benin ṣì ń jẹ́ orúkọ ìpínlẹ̀ tó ti pòórá láti 1991, tí ìdajì àwọn tó yẹ kó ní i ti di ará Delta.

Ohun tó ń lọ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà lẹ́nu àìpẹ́ yìí jẹ́ ká rí ọ̀rọ̀ tiwa kedere. Níbẹ̀, àwọn yunifásítì kó ara wọn jọ sí àjọ ìdíje tí wọ́n ń pè ní conference, ìsúnmọ́ra ló sì pilẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2024, USC àti UCLA ti Los Angeles wọ Big Ten, wọ́n bá Rutgers ti New Jersey pàdé níbẹ̀, ìrìn tó ju kìlómítà 3,500 lọ; àjọ náà di yunifásítì 18, nígbà tí Pac-12 tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣẹ́ ku méjì péré, Oregon State àti Washington State. Oklahoma bá Texas lọ sínú àjọ SEC lọ́dún kan náà, ìdíje ọdọọdún tí òun àti Oklahoma State ti ń gbá láti 1910 sì dópin ní 2023. Owó tẹlifíṣàn ló ń fà wọ́n: àdéhùn Big Ten tí wọ́n kéde ní 2022 tó nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là kan lọ́dọọdún fún ọdún 7. Olólùfẹ́ ibẹ̀ pàdánù aládùúgbò tó ń bá jà. Olólùfẹ́ Ìbàdàn pàdánù aládùúgbò tó ń bá pariwo. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n orí kan náà ló gbé e wá: ẹni tó ń pinnu bí ìdíje yóò ṣe fẹ̀ ń wo ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá, tẹlifíṣàn lọ́hùn-ún, ìpín ìpínlẹ̀ níhìn-ín, ẹni tó ń jókòó lórí sìmẹ́ńtì pápá kò sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu.

Ẹlòmíràn yóò ní ìjọba ló ba nǹkan jẹ́, pé ká ní aládàáni ló ni ẹgbẹ́, ààlà kò ní já mọ́ nǹkan kan. Ìbàdàn ti dán ìyẹn wò. Leventis United, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni tó fi Ìbàdàn ṣe ilé, gba Challenge Cup ní 1984, ó dé àṣekágbá nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní 1985 kí Al Ahly ti Íjíbítì tó borí rẹ̀, ó sì gba líìgì àti Challenge Cup pa pọ̀ ní 1986. Kò pẹ́ sí i, àwọn tó ni ín kógbá sílé, ẹgbẹ́ náà pòórá. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987, òun náà pòórá. Stationery Stores gba líìgì ní 1992, ìjà lórí ẹni tó ni ín sì gbé e lulẹ̀. Julius Berger ti Èkó gbà á ní 1991 àti 2000, kò sí lórí pápá mọ́. Nǹkan méjì ni a rí dì mú níbẹ̀. Aládàáni lè gba olólùfẹ́ lọ́wọ́ ààlà, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lọ́wọ́ ìpinnu ọ̀gá kan ṣoṣo. Ìjọba tó ń gé agbo Shooting Stars kúrú náà ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà kú. Èkejì ni pé àwọn ẹgbẹ́ tó kú wọ̀nyí gan-an ni alátakò ìtòsí tí Ìbàdàn ní. Nígbà tí wọ́n lọ, ìpínlẹ̀ tó jìnnà àti ìpínlẹ̀ tó ti jẹ́ alábàárò tẹ́lẹ̀ ló dí ààyè wọn. Ọ̀nà méjì ni olólùfẹ́ gbà pàdánù lẹ́ẹ̀kan náà.

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù ni pé tẹlifíṣàn ló kó olólùfẹ́ lọ, ìpínlẹ̀ kọ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí Premier League ti Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tí àwo sátẹ́láìtì sì wá kún òkè òrùlé, Arsenal, Chelsea àti Manchester United ti gba ọkàn ọmọ Ìbàdàn. Ẹni tó bá gba àdúgbò kọjá nírọ̀lẹ́ Sátidé mọ̀ pé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kò ṣófo. Mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká bi ara wa pé àwọn wo ni tẹlifíṣàn rí kó jù. Enyimba ti Aba gba ife líìgì ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003 àti 2004, nígbà tí Premier League ti wà nínú ilé gbogbo ènìyàn, ìlú Aba kò sì torí bẹ́ẹ̀ kẹ̀yìn sí i. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ òkèèrè lè gbé pọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ ẹgbẹ́ ilé níbi tí ti ilé bá wà nítòsí tó sì ṣeé pè ní tiwa. Ẹni tí tẹlifíṣàn rí gbé pátápátá ni ẹni tó ti já sílẹ̀ kó tó dé: ará Iléṣà tàbí Ìkàrẹ́ tí wọ́n ti sọ fún pé ẹgbẹ́ Ìbàdàn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, tí ẹgbẹ́ tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ fún un sì ń gòkè, ń sọ̀ láàárín ìpele. Ààlà ló lé e síta. Sátẹ́láìtì kàn bá a lójú ọ̀nà ni.

Àtakò kan wà tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí líìgì kò bá fẹ̀, Aba ìbá má ní Enyimba tó ti gba líìgì nígbà 9 títí di 2023. Remo Stars ti Ìkẹ́nẹ́ ìbá má gba líìgì ní 2025. Kí ló dé tí ọmọ Rẹ́mọ yóò fi máa pariwo fún ẹgbẹ́ Ìbàdàn títí láé? Ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì sọ pé kí a padà sí ẹgbẹ́ 6. Ẹ wo ohun tó mú Enyimba àti Remo Stars dúró, síbẹ̀. Aba jẹ́ ìlú ọjà, kì í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Umuahia ni olú ìlú Abia. Remo Stars jẹ́ ti aládàáni, agbègbè Rẹ́mọ ló sì fi ṣe ilé, kò lọ sí Abẹ́òkúta. Méjèèjì rọ̀ mọ́ ibi tí èèyàn ti mọ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ibi kan kí ààlà tó dé. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ kìkì nítorí pé gómìnà gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ ni kì í tọ́jọ́: Prime kò sí ní ìpele òkè mọ́. Ìdàgbàsókè líìgì ń so èso níbi tó bá ti bá agbo tó wà tẹ́lẹ̀ pàdé. Níbi tó bá ti gbìyànjú láti fi ìwé òfin dá agbo sílẹ̀, ó ń ba ti àtijọ́ jẹ́ láìrí tuntun fi rọ́pò.

Wọ́n tún lè ní Shooting Stars kò dáwọ́ ife gbígbà dúró lẹ́yìn 1991. Òótọ́ ni. Wọ́n gba CAF Cup àkọ́kọ́ ní 1992, wọ́n na Villa ti Ùgáńdà ní 3–0 lẹ́yìn 0–0 ní Kampala. Wọ́n gba líìgì ní 1995 àti 1998. Ní 1996 pẹ́nárítì nìkan ni Zamalek fi gba ife àwọn aṣíwájú ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ife kì í sọ iye ẹni tó ni ẹgbẹ́. Ìgbà ìṣòro ló ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n já bọ́ láti líìgì ní 2017, tí wọ́n sì wà ní ìpele ìsàlẹ̀ títí wọ́n fi padà ní 2021, kò sí gómìnà Ògùn tàbí Oǹdó tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìgboro ló kàn. Pápá Adamasingbà, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Lékan Sàlámì, ògbóǹtarìgì alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà, pè, kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Ẹni tó lókun lẹ́sẹ̀ lè rìn ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí ìpele òkè, èrò ibẹ̀ wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú líìgì. Èyí ni mo rí pè ní ìyókù agbo ńlá: ohun tó jẹ́ ti gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn ti padà di ti ìlú kan, ìgboro sì ni àárín rẹ̀. Wọ́n dúró nítorí pé ìdí tí wọ́n fi gba ẹgbẹ́ náà kò ní ààlà nínú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tí ì tán, nítorí pé àwọn aláṣẹ ṣì ń tún líìgì gé, tún un rán. Ní sáà 2022 sí 2023, wọ́n pín ẹgbẹ́ 20 sí ìsọ̀rí méjì, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Shooting Stars, Remo Stars, Enyimba àti Bendel Insurance bọ́ sí ọ̀kan. Rangers àti Sunshine Stars bọ́ sí èkejì. Lọ́dún yẹn, Rangers kò wá sí Ìbàdàn fún líìgì, Sunshine Stars náà kò wá láti Àkúrẹ́ tó wà nítòsí. Ìdíje tí Ìbàdàn àti Enúgu ti ń gbá láti 1972 sinmi nítorí ìṣirò tábìlì kan, kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí òun ṣàlàyé fún olólùfẹ́. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà sí líìgì kan ṣoṣo. Láti 2024, Ikorodu City ti gòkè wá láti Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì bá Remo Stars tó ti wà níbẹ̀. Ìbàdàn tún ní alátakò tí èèyàn lè lọ wò kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn ju ife kan lọ fún ẹni tó ń sanwó wọlé. Nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ fẹ líìgì, tàbí tí wọ́n fẹ́ pín in, ó yẹ kí ohun méjì wà lórí tábìlì pẹ̀lú owó àti ìpínlẹ̀: aládùúgbò wo ni ìpinnu yìí yóò mú kúrò lójú olólùfẹ́, alábàárò wo ni yóò sì sọ di àjèjì sí i? Àádọ́ta ọdún Ìbàdàn fi hàn pé olólùfẹ́ lè fara da ìjábọ́, ó lè fara da orúkọ tó ń yí padà, ó sì lè gba àlejò bí ọmọ. Ohun tí kò rí ṣe sí ni kí ẹlòmíràn pinnu ẹni tó jẹ́ ara rẹ̀ fún un, ìyẹn ló sì yẹ kí aláṣẹ bọ́ọ̀lù ṣọ́ra fún.